Àáró Tí Ìyàwó Mi Lọ San

Kí n tó bọ́jú láràárọ̀, ọwọ́ ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú. Màá gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá nínú abọ́, yóò ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, èmi yóò sì máa na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi gbà láti ká. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ọwọ́ náà á gan, kò ní lè so ìró mọ́dìí, kò ní lè di ṣíbí mú. Àwọn tó mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, tí wọ́n ti gbọ́ bí mo ṣe ń jágbe mọ́ èèyàn nítorí ìṣó kan ṣoṣo tó wọ́, kò ní gbà gbọ́ pé èmi yìí náà ni mò ń jókòó sórí àpótí, tí mò ń rọra fa ìka obìnrin. Kí ló kan tiwọn? Ìyàwó mi ni. Ọwọ́ yẹn ló ti ń bọ́ mi láti ìgbà tí mi ò tíì ní nǹkan kan ju ayùn àti òòlù lọ.

Làkúrègbé la kọ́kọ́ pè é. Ní Okitipupa níbí, ta ni kò ní làkúrègbé? A fi àdín pa á, a fi omi ewé jó o, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Ìlútítun gbé ìpara kan wá tó ń ta bí ata. Pàbó ló já sí. Ọjọ́ tó fẹ́ gbé ọmọ ọmọ wa, tí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, mo bá gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tẹ oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó láti là á yé wa, ohun tí inú mi dùn sí gan-an nítorí mi ò fẹ́ràn dókítà tó bá ń kọ̀wé láìwojú ẹni. Ó ní eléyìí kì í ṣe ti ogbó. Ó ní ara èèyàn ní ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ, tó ń lé kòkòrò àrùn jáde. Ọdẹ ti ìyàwó mi ló ṣìwà hù, ó fi olè sílẹ̀, ó ń na onílé. Oríkèé ló ń nà. Oògùn tí òun fẹ́ kọ fún un yóò mú ọdẹ náà rọ̀, ìrora á dín kù, ìka kò ní wọ́.

“Ṣùgbọ́n, Bàbá,” ó yíjú sí mi, “ọdẹ tó bá ń tòògbé, olè kékeré náà á ráyè wọlé. Ọ̀fìnkìn tí ẹ̀yin á ní tí ẹ ó gbàgbé, ó lè dá Màmá dùbúlẹ̀. Egbò kékeré lè di ńlá lára wọn. Ẹ má sì dúró de ìbà kí ẹ tó gbéra, torí oògùn yìí lè máà jẹ́ kí ara wọn gbóná bó ṣe yẹ.”

Mo ní, “Ká kúkú má lò ó.”

Ó mi orí. “Bí ẹ ò bá lò ó, ọwọ́ yìí á bàjẹ́ tán. Àrùn náà fúnra rẹ̀ ń sọ ara di aláìlágbára. Ẹ lò ó, kí ẹ sì máa ṣọ́ wọn. Ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i: àrùn yìí sábà ń mú ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ni. Bí oríkèé kan bá dá wú, tó dá gbóná, tó ń dùn ju ìyókù lọ, ẹ má fi àdín pa á o. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.”

Bí a ṣe délé ni mo di ṣọ́jà. Bí ara ẹnì kan kò bá yá ládùúgbò wa, gbogbo ènìyàn ni yóò rọ́ wá kí i, wọn kì í sì í kí i láti ìta. Wọn á wọ yàrá, wọn á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn á dì mọ́ ọn, wọn á gbé ọmọ tí ikun ń dà nímú rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni bá wúkọ́, mo dá a padà. Ẹni bá sín, mo dá a padà. Alàgbà kan nínú ìjọ wa fẹ́ wọlé gbọ́wọ́ lé e lórí kó gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ti há, imú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní, “Alàgbà, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ọlọ́run tó ń gbọ́ wa láti òkè ọ̀run, ṣé bí ẹ bá gbàdúrà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kò ní gbọ́?” Bàbá náà gbàdúrà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fa àdúrà náà gùn kí n lè mọ̀ pé inú ń bí òun.

Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tí alàgbà lọ tán, ó ní, “Bàbá, ẹ máa lé gbogbo èèyàn mi lọ tán. Kòkòrò kọ́ ló máa pa mí nílé yìí. Àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ló máa pa mí.”

Mo ní, “Èmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn?”

Ó ní, “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ariwo?”

Kí n má parọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́. Kò yára, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ìka tó ti ń dojú bolẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Dókítà ti ní kó má máa ki ọwọ́ bọ omi ẹ̀gẹ́ kíkan tí wọ́n fi ń ṣe púpurú láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí bí ara ọwọ́ bá sán, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ó kùn, ó ní púpurú tí wọ́n bá fi rọ́bà ṣe á máa rùn bí rọ́bà, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro púpurú fún mi, tó gbé e tì mí pẹ̀lú ọbẹ̀ màrúgbo gbígbóná, ọwọ́ náà ni mò ń wò, mi ò tètè bu òkèlè. Ó bi mí pé ṣé iyọ̀ kò tó ni. Mo ní iyọ̀ tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni ti àáró.

Ìyàwó mi ní ẹgbẹ́ àáró kan tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tó jẹ́ ọmọge. Iṣẹ́ ẹyìn ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe. Ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ, òun ló ń gé ìdì ẹyìn lulẹ̀. Wọn á fi àdá là á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọn á fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọn á máa fi ọwọ́ ṣa ẹyìn kúrò láàárín ẹ̀gún. Òní fún ìwọ, ọ̀la fún èmi. Kò sówó níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá wá bá ṣe tirẹ̀, òun náà á gbéra nígbà tó bá kan ẹlòmíì. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dúró, àwọn obìnrin náà ṣì wá ṣa tiwa, wọ́n ṣà á mọ́ kedere, wọn kò sì rán an létí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Bí wọ́n bá ti pariwo mọ́ ọn ni, ì bá sàn fún un.

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń nà ló ń sọ pé òun fẹ́ lọ san àáró òun.

Mo ní, “Ẹ̀gún ẹyìn? Ìwọ? Ṣé ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ kò wọ̀ ọ́ létí ni?”

Ó ní, “Ẹ̀gún ti ń gún mi láti kékeré, Bàbá. Èwo ló pa mí níbẹ̀?”

“Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. O ò lọ.”

Ó ní, “Mo ti gbọ́.”

Ìyàwó mi tó bá dá mi lóhùn wẹ́rẹ́ báyìí, ó yẹ kí n fura. Obìnrin tó ń bá mi jiyàn lórí iye ata tó yẹ kó wọ ọbẹ̀! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé kan wà lọ́wọ́ mi ní Àjàgbà, orí mi kún fún pákó. Lọ́jọ́ tí mo lọ kan ilẹ̀kùn náà, ó ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun ní Ìlútítun. Mo ní kó kí i fún mi. Àṣé ọ̀nà oko ló gbà, níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣa ẹyìn fún ọ̀kan nínú wọn. Ó jókòó tì wọ́n, ó ṣa ẹyìn, ó kọrin, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe gbogbo ohun tó ti ń wù ú láti ìgbà tí mo ti gbé àga dí ẹnu ọ̀nà. Kò wọ ìbọ̀wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ láàárín wọn, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wo òun bí aláìsàn. Ẹ̀gún kan wọ oríkèé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi eyín fà á yọ, ó fi epo pupa pa ojú ibẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí obìnrin kan nílẹ̀ wa tí ẹ̀gún ẹyìn máa gún tó máa wá ọsibítù lọ.

Èmi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí mo gbé omi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ti fọ̀ ọ́ fúnra òun, kí n lọ sinmi. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ọwọ́ ìyàwó mi ti yá, kò nílò mi mọ́. Òórùn àdín ń jáde lára rẹ̀, mo bi í léèrè, ó ní orúnkún òun ni òun fi pa. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, ó ń fi etí ìró bo ọwọ́ ọ̀tún.

Oúnjẹ ló tú àṣírí rẹ̀. Mo gbójú sókè níbi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án, mo rí ìyàwó mi tó ń fi ọwọ́ òsì bu òkèlè.

Obìnrin yìí! Tó jẹ́ pé bí ọmọ ilé wa bá fi òsì gba omi lásán, ó ti gbá a lọ́wọ́! Mo dìde, mo yí tábìlì po, mo fa ọwọ́ ọ̀tún jáde lábẹ́ ìró. Ọwọ́ òsì wà jẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń wà. Ti ọ̀tún, oríkèé kan ṣoṣo ló wú, ó ń dán, ó pupa, ó gbóná débi pé mo tètè mú ọwọ́ tèmi kúrò. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Tútù. Kò síbà kankan. Orí tó tutù yẹn ló já mi láyà jù.

Mo ní, “Kí ló gún ọ?”

“Kò sí nǹkan kan. Làkúrègbé mi náà ni.”

“Ìwọ obìnrin yìí, mo ní kí ló gún ọ!”

Ó wo oúnjẹ. Ó ní, “Ẹ̀gún.”

Mi ò lè sọ fún yín gbogbo ohun tí mo fi ẹnu mi sọ ní ọ̀sán yẹn, torí ọmọ lè wà níbi tí ẹ ti ń kà á. Mo ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá bàtà rẹ̀, mo ń wá káàdì ọsibítù, mo ń pe ọkọ̀. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá ní, “Bí mo bá sọ fún yín pé ó gún mi, ẹ ò ní jẹ́ kí n débẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá débẹ̀ mọ́, wọ́n á gbàgbé mi. Wọn ò ní lé mi, Bàbá. Wọ́n á kàn dẹ́kun pípè mí ni.”

Mo wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Mo kàn gbé e sínú ọkọ̀.

Dókítà wa wo ọwọ́ náà, kò sì bá a ṣàwàdà bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé náà, ọyún ló fà jáde. Ó ní kòkòrò ti wọ inú oríkèé, àfi kí wọ́n là á, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lónìí. Bí ó bá wọ egungun, ìka lè lọ. Bí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mí lè lọ. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti kan pósí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Okitipupa, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn mo bẹ Ọlọ́run bí mi ò ṣe bẹ̀ ẹ́ rí, láìpariwo.

Wọ́n là á. Orí ẹ̀gún náà ṣì wà nínú ibẹ̀, tíńtín, dúdú. Wọ́n fa omi oògùn sí i lára, wọ́n dá oògùn oríkèé rẹ̀ dúró ná kí ọdẹ lè jí. Ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀, nítorí bí ọdẹ ṣe jí ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í na onílé. Gbogbo oríkèé rẹ̀ tún wú. Mò ń fi aṣọ rírin fọ ojú rẹ̀, mò ń bu omi sí i lẹ́nu. Kò sunkún. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ò mọ tíì po.

Nígbà tí ewu kọjá, dókítà ní ìka náà kò ní ká tán mọ́. Ìyàwó mi kò bi í bóyá òun yóò yè, kò bi í nípa àpá. Ó ní, “Dókítà, ṣé á ṣì lè ṣa ẹyìn?”

Dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Màmá mi, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ oògùn yín padà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀gún mọ́. Ẹ dárí jì mí.”

Ó kọjú sí ògiri. “Ó ti tán nìyẹn,” ló wí.

Nígbà tí àáró kan ìyálóde ẹgbẹ́ wọn, èmi ni mo lọ. Mo gbé àpótí mi dání, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń gbé pákó, mo lọ jókòó láàárín obìnrin. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ọkọ wa, ṣé ẹ ṣìnà ni?”

“Ẹ wá ìró fún wọn o, ẹ bá mi wá gèlè!”

Mo ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Àáró ìyàwó mi ni mo wá san. Ẹ fi ibi tó máa ń jókòó hàn mí.”

Wọ́n fi hàn mí. Mo ṣà á, tèmi ti ìbọ̀wọ́, ẹ̀gún ń gún mi ní orúnkún, lọ́rùn ọwọ́, níbi tí mi ò mọ̀ pé ẹ̀gún lè dé. Ìbínú mi ru, mo bú ọ̀pẹ, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ gbìn ín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí a ṣe tán, ìyálóde wọn fún mi lómi àti ọṣẹ kí n fọwọ́. Ìyá àgbà ni, kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, “Ta ló sọ fún un pé a ti yọ ọ́? Ìgbà tí mo bímọ tí mi ò lè jókòó, ta ló ṣa tèmi? Ẹ sọ fún un kó máa bọ̀. Ọwọ́ ló ń ṣe é, ẹnu rẹ̀ kò ní làkúrègbé. Àwa náà ti sú ara wa, kò sẹ́ni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín mọ́. Kí ó mú àga tirẹ̀ wá, kó jókòó síbi tí ẹ̀gún ò dé. Ẹni tó bá ń wúkọ́ nínú wa á jókòó lọ́nà jíjìn sí i, ṣé ẹ ti gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àga dí ẹnu ọ̀nà?”

Mo ní mo ti gbọ́.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó tì í, mo sì ro ẹjọ́ náà fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò yọ ọ̀kan kúrò, àní ti gèlè. Ó tẹjú mọ́ mi.

“Ṣé ẹ ṣà á mọ́?”

“Mo ṣà á mọ́ kedere.”

“Irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá ẹkún pàdé lójú ọ̀nà, ó sì sun ún dáadáa, obìnrin tí wọ́n la ọwọ́ rẹ̀ tí kò mira. Mo jẹ́ kó sunkún. Mo mú aṣọ fún un kó fi nu ojú.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, “Bàbá.”

“Kí ni?”

“Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí. Láti àárọ̀ ni. Mo ní kí n sọ fún yín.”

Mi ò pariwo. Mo ní, “O ṣeun,” mo sì dìde lọ pe dókítà.